Táíwò Kọ́ Ló Bí Kẹ́hìndé: Ọ̀rọ̀ Empire àti Sunderland

Bí ẹ bá gbé àwòrán Empire àti Sunderland síra wọn, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ọ̀kan náà ni. Bàálù orí omi ni àwọn méjèèjì, ilé iṣẹ́ Short Brothers ní Rochester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kàn wọ́n. Empire ń kó èrò àti lẹ́tà fún Imperial Airways, ilé iṣẹ́ bàálù àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ Sunderland ni kó máa ṣọ́ òkun, kó máa dọdẹ ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì. Ni àwọn kan bá ń sọ pé àga ni wọ́n tú kúrò nínú Empire, wọ́n ki ìbọn bọ̀ ọ́, ó di Sunderland.

Ọjọ́ ló tàn wọ́n jẹ. Empire àkọ́kọ́, Canopus, fò ní oṣù Keje ọdún 1936. Ó di oṣù Kẹwàá ọdún 1937 kí Sunderland tó gbéra. Àbí ta ni nínú wa tí kò mọ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ jáde kọ́ ni ẹ̀gbọ́n? Láti oṣù Kọkànlá ọdún 1933 ni ìjọba ti kọ irú bàálù ogun tí wọ́n ń fẹ́ sílẹ̀, ìwé R.2/33. Arthur Gouge, olórí àwọn tó ń ya bàálù ní Short Brothers, àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń ya méjèèjì pọ̀ ni. Oyún kan náà ni.

Omi ló sì fún wọn lójú jíjọ. Omi ò bèèrè bóyá bọ́ǹbù lo gbé tàbí èrò. Ikùn bàálù gbọ́dọ̀ jìn, kí ìyẹ́ lè wà lókè, kí omi iyọ̀ má baà máa ta sí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Abẹ́ ikùn náà gbọ́dọ̀ ní ibi tó gé wọlé bí àtẹ̀gùn, nítorí ikùn tó bá ń dán gbọrọrọ, omi á lẹ̀ mọ́ ọn, kò ní jẹ́ kó gbéra. Boeing 314 ti Amẹ́ríkà, tí Gouge kò fọwọ́ kàn rárá, ní gbogbo èyí.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, iṣẹ́ ogun ló fà á. Ìbọn mẹ́rin tí wọ́n gbé sí ìrù Sunderland wúwo débi pé ìwọ̀n rẹ̀ fì sẹ́yìn, wọ́n sì ní láti tẹ ìyẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, bíi dìgírì mẹ́rin. Bọ́ǹbù ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde lórí irin sí abẹ́ ìyẹ́. Àwọn kan á ní, ilé ìdáná àti ibùsùn inú rẹ̀ ńkọ́, ṣé kì í ṣe ti èrò ni? Ẹni tó máa fi wákàtí mẹ́tàlá ṣọ́ òkun, ṣé kò ní jẹun ni?

Òdì kejì ìtàn àga àti ìbọn yẹn gan-an ló ṣẹlẹ̀. Ní 1943, BOAC, ilé iṣẹ́ bàálù tó gba ipò Imperial Airways, gba Sunderland tí wọ́n ti yọ ìbọn rẹ̀, wọ́n dí ojú ibi tí ìbọn wà, wọ́n sì ń fi kó lẹ́tà àti èrò láti Poole wá sí Èkó.