Bí rẹ́sídẹ́ńsì ilẹ̀ òkèèrè ṣe ń ṣiṣẹ́ fún kúrétọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀

Ayàwòrán tó ń lọ sí rẹ́sídẹ́ńsì, ìyẹn ètò tí ilé kan fi ń gba èèyàn lálejò fún ìgbà díẹ̀ kó lè ráyè ṣiṣẹ́, mọ ohun tó máa bá níbẹ̀: yàrá ìsùn, sítúdíò, ìmọ́lẹ̀ tó dára, àti àkókò tí ẹnikẹ́ni ò ní dí i lọ́wọ́. Bí ọjọ́ bá pé, àwòrán á wà nílẹ̀ tí yóò fi hàn. Ti kúrétọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Kúrétọ̀ ló ń yan iṣẹ́ ọnà, tó ń ṣèwádìí nípa rẹ̀, tó ń ro bí èyí yóò ṣe dúró ti ìyẹn nínú gálárì, tó sì ń kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn yóò kà lára ògiri. Ojú, ẹsẹ̀ àti ẹnu ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ilé tó gbà á lálejò lè fún un ò ju mẹ́ta lọ: owó tí yóò fi gbéra, àyè láti ronú, àti àwọn ilẹ̀kùn tí òun nìkan ò lè kàn kó ṣí. Ẹ̀kẹta yìí gan-an ló yẹ kí èèyàn torí rẹ̀ lọ.

Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ́sídẹ́ńsì, àmọ́ ìlànà wọn yàtọ̀. Fondazione Sandretto Re Rebaudengo, àjọ iṣẹ́ ọnà kan ní Turin, ní Ítálì, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2007. Kúrétọ̀ ọ̀dọ́ mẹ́ta tí wọn kì í ṣe ọmọ Ítálì ni wọ́n ń pè. Wọ́n á rìn káàkiri orílẹ̀-èdè náà, wọ́n á máa jáde ní sítúdíò kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á rí àwọn tó ń darí gálárì, lẹ́yìn náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ ṣe ìpàtẹ kan tó dá lórí iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà Ítálì. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Onílé fẹ́ kí òkèèrè mọ àwọn ọmọ òun, àlejò sì fẹ́ mọ ilẹ̀ tí kò dé rí. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni mẹ́ta tí wọn ò mọra rí gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ìpàtẹ kan ṣoṣo, èyí tó le ju rírí iṣẹ́ tó dára lọ.

Ètò ti de Appel, ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Amsterdam, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994, sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́: àwọn èèyàn díẹ̀ á jọ wà fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n á sì jọ ṣe iṣẹ́ kan ní ìparí. ISCP (International Studio & Curatorial Program) ní New York, tí òun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1994, ń gba ayàwòrán àti kúrétọ̀ pọ̀, àwọn onígbọ̀wọ́ bí àjọ àti ìjọba ló sì ń san owó ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ dé irú ibẹ̀ lè jẹ́ pé ilẹ̀kùn onígbọ̀wọ́ ló máa kọ́kọ́ kàn. Àsìkò, ètò tí Bisi Silva, kúrétọ̀ ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ ní 2010, kò dúró sójú kan ní tirẹ̀. Lagos ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti dé Accra, Dakar, Maputo àti Addis Ababa, kí àwọn kúrétọ̀ àti oníṣẹ́ ọnà Áfíríkà lè kọ́ iṣẹ́ lára ara wọn.

Ta ló ń sanwó? Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú kí èèyàn tó kọ ohunkóhun. Àwọn ètò kan ń san owó ọkọ̀ òfuurufú àti ilé, wọ́n á tún fi owó oúnjẹ lé e, wọ́n á sì ya owó ìpàtẹ sọ́tọ̀. Àwọn mìíràn ń fúnni ní yàrá nìkan. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àlejò ló ń san owó fún wọn. Kò burú bí ẹ̀kọ́ bá wà níbẹ̀ tàbí tí ẹnìkan bá ń múni mọ èèyàn. Bí kò bá sí méjèèjì, òtẹ́ẹ̀lì ni.

Nínú ìwé tí wọ́n máa ń béèrè, ìtàn iṣẹ́ ẹni àti lẹ́tà ìjẹ́rìí kì í fa wàhálà. Àbá, ìyẹn ìwé tó sọ ohun tí èèyàn fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ pé òun fẹ́ ṣèwádìí lórí "ìbáṣepọ̀ iṣẹ́ ọnà àti àwùjọ" ti kọ ohun tó lè fi ránṣẹ́ sí ìlú èyíkéyìí láyé, ìgbìmọ̀ tó ń yan èèyàn á sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìlà kejì. Ẹni tó ní òun fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn àwòrán ara ògiri ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti tì pa ní ìlú yẹn, ta ló yà wọ́n, ta ló ń tọ́jú wọn báyìí, ti bi ìbéèrè tí kò ṣeé dáhùn láti ilé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ní kó wá. Kò pọn dandan kó ní ìdáhùn lọ́wọ́. Bó bá tiẹ̀ ti ní in, kí ló tún ń wá lọ?

Físà ń fẹ́ ìṣirò. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, àlejò tó wà fún ìgbà kúkúrú ò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 90 lọ láàárín ọjọ́ 180, wọ́n sì ń ka ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde mọ́ ọn. Ètò "oṣù mẹ́ta" tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà tó sì parí ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ jẹ́ ọjọ́ 92. Ọjọ́ méjì péré yẹn lè ba nǹkan jẹ́. Ó yẹ kí lẹ́tà ìpè sọ ọjọ́ gan-an, ẹni tó ń sanwó, àti ibi tí àlejò yóò máa sùn.

Bó bá débẹ̀ tán, sítúdíò àwọn èèyàn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Àbẹ̀wò kan lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn lè ṣe mẹ́ta lóòjọ́ kó ṣì rántí ohun tó rí. Bó bá di mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ á dàrú pọ̀ lórí. Kí ó tó lọ, ó yẹ kó ti wo iṣẹ́ ẹni náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó má lọ máa bi í ní ohun tó ti kọ síbẹ̀. Ìbéèrè tó máa ń so èso jù ni èyí tó kéré jù: kí ló ń dà ọ́ láàmú nínú iṣẹ́ yìí? Èwo lo pa tì, kí ló dé? Oníṣẹ́ ọnà máa ń gbé iṣẹ́ tó fojú sí ògiri jáde nígbà tó bá rí i pé àlejò ò kánjú.

Àkọsílẹ̀ sì ni ẹrù tí kúrétọ̀ máa gbé padà sílé: orúkọ iṣẹ́, ọdún rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ṣe é, bó ṣe tóbi tó, ibi tó wà báyìí, ẹni tó ni ín. Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, tí wọ́n bá fẹ́ yá iṣẹ́ náà lò, àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá. Fọ́tò gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Ohun kan tún wà tí kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu àlejò: ìlérí ìpàtẹ. Ọ̀rọ̀ tó sọ bí àwàdà nídìí kọfí, oníṣẹ́ ọnà lè máa retí rẹ̀ fún ọdún kan gbáko.

Bí ìpàtẹ bá wà ní ìparí, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ bọ̀ wá síwájú. Bí wọ́n bá ń ṣe kátálọ́ọ̀gì, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé kí iṣẹ́ tó dé gálárì rárá. Ìwé àdéhùn ìyánilò, ìbánigbófò àti owó ìkẹ́rù gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí àpótí bá dé, wọ́n á tú u, wọ́n á wo iṣẹ́ náà síwá sẹ́yìn, wọ́n á kọ gbogbo àbàwọ́n àti ibi tó ti ha lára rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì fọwọ́ sí i. Irú ìwé yìí kan náà ni wọ́n tún máa kọ nígbà tí wọ́n bá ń dì í padà. Nígbà yẹn, rẹ́sídẹ́ńsì lè ti parí, kí kúrétọ̀ ti wà nílé rẹ̀ ní ilẹ̀ ibòmíràn. Ẹni tí yóò dúró ti àpótí lọ́jọ́ náà, tí yóò wo iṣẹ́ tí yóò sì fọwọ́ sí ìwé, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀.