Katakata tí kò ní férémù: bí wọ́n ṣe ń tú u palẹ̀ tí wọ́n sì ń tún un tò

Lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ni wọ́n sábà máa ń wà ní Kétu nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn abúlé tó yí i ká: katakata àtijọ́ tí ẹni tó ni ín ti pa tì, tí adìẹ ti ń yé sábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú Massey Ferguson 135, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1964. Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Beauvais nílẹ̀ Faransé wà lára ibi tí wọ́n ti tò ó nígbà náà. Ẹ́ńjìnnì Perkins AD3.152 ló wà nínú èyí tó ń jẹ dísù: sílíńdà mẹ́ta, lítà méjì ààbọ̀. Àwọn kan ń tún un ṣe nítorí oko. Àwọn mìíràn ń tún un ṣe torí pé ó wù wọ́n ni, bí ẹlòmíràn ṣe ń sin ẹyẹlé.

Kò ní férémù. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù, irin gígùn méjì ló gbé gbogbo ẹrù. Bí wọ́n bá yọ ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á ṣì dúró. Ní ti katakata yìí, ẹ́ńjìnnì, àpótí gíà àti àáṣì ẹ̀yìn ni wọ́n fi bóòtù so mọ́ra, àwọn fúnra wọn sì ni eegun ẹ̀yìn. Láti pààrọ̀ kíláàṣì lásán, àfi kí wọ́n pín in sí méjì láàárín. Ibẹ̀ ni ètò gbogbo iṣẹ́ náà ti wá.

Kí ẹnikẹ́ni tó pín nǹkan kan, kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ́ńjìnnì ń yí. Páìpù èéfín rẹ̀ sábà máa ń nà ró ṣánṣán. Ẹni tó gbọ́n a máa fi agolo mílìkì dé e lórí. Ẹni tí kò dé e, òjò á bá ibẹ̀ wọlé, ríìngì tó yí pístìnì ká á sì dógùn-ún mọ́ ara sílíńdà. Àwọn èèyàn á ní ẹ́ńjìnnì ti kú, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ìkánjú ni. Wọ́n á tú nọ́ọ́sù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń fọ́n dísù sínú sílíńdà, wọ́n á pò dísù mọ́ epo gíà, wọ́n á dà á sí ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa mi fuláíwíìlì, àgbá irin wíwúwo tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, díẹ̀díẹ̀, síwájú, sẹ́yìn. Bó bá lè yí ìwọ̀n ìka kan péré, ó ti fẹ́ bọ́ nìyẹn.

Sípánà náà ní wàhálà tirẹ̀. Mìlímítà ni gbogbo ayé ń lò ní Bẹ̀nẹ̀: 10, 13, 17, 19. Ínṣì ni wọ́n fi wọn bóòtù katakata yìí. Orí bóòtù tó gba sípánà ìdajì ínṣì jẹ́ mìlímítà 12.7, sípánà 13 á wọ̀ ọ́, á dà bíi pé ó bá a mu, àfi ìgbà tí wọ́n bá fagbára fà á tí igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fá dànù. Kí wọ́n wá sípánà oní-ínṣì ṣáájú ohun gbogbo.

Pípín in sí méjì ni ibi tó léwu jù. Àáṣì iwájú kì í dúró gbagidi: orí pínnì kan láàárín ló ti ń fì sọ́tùn-ún sósì, kí táyà lè máa tẹ̀lé kòtò àti gegele oko. Bí wọ́n bá yọ bóòtù láìfi wẹ́ẹ̀jì igi há àyè àáṣì náà lọ́tùn-ún lósì, ìdajì iwájú á dojú dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì sí ọwọ́ tó lè dá a dúró. Jáàkì kan á wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, òmíràn lábẹ́ àpótí gíà, lórí pákó tó le, kì í ṣe lórí bíríkì. Wọ́n á tú wáyà, páìpù epo àti irin sítíárìn, wọ́n á wá máa rọra yí ìdajì iwájú lọ títí àyè á fi gba èèyàn láti bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń dá a padà, eyín ṣáàfù gíà gbọ́dọ̀ wọ inú eyín pátákó kíláàṣì. Bó bá ku bí ìka méjì tí kò wọlé mọ́, ó máa ń ṣe èèyàn bíi kó fi bóòtù fà á wọlé. Ibẹ̀ ni ilé gíà ti ń sán. Kí ẹnì kan máa yí fuláíwíìlì díẹ̀díẹ̀ bí ẹnì kejì ṣe ń ti iwájú. Ohun à-fẹ̀sọ̀-mú ni, á dún “kọ́”, á sì wọlé fúnra rẹ̀.

Nínú ẹ́ńjìnnì, ojú kì í ṣe òṣùwọ̀n. Káránkì, irin tí àwọn pístìnì ń yí, lè máa dán yọ̀ọ̀ kó sì ti jẹ. Máíkírómítà ni wọ́n fi ń wọn ọrùn rẹ̀ ní ìhà púpọ̀, nítorí kì í jẹ lọ́gbọọgba. Ohun tó rí róbótó tẹ́lẹ̀ á ti fẹ́ dà bí ẹyin. Bó bá jẹ, ó di ọ̀dọ̀ tọ́nà tó ní ẹ̀rọ ìlọ-káránkì, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tàbí Kútọnu. Tọ́nà á lọ mìlímítà 0.25 kúrò, tàbí 0.50 bí ìyẹn kò bá tó, wọ́n á wá ra bẹ́ríǹ tí wọ́n ṣe fún ìwọ̀n náà. Aláwẹ́ méjì ni bẹ́ríǹ ọ̀hún, bíi gbànja. Ẹni tó rà á kí tọ́nà tó parí iṣẹ́ lè rà á lẹ́ẹ̀mejì. Sílíìfù inú sílíńdà ní tirẹ̀ ṣeé tì jáde, kí wọ́n tẹ tuntun wọlé.

Ẹ̀yìn ni ọgbọ́n Harry Ferguson, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára katakata yìí, wà. Apá mẹ́ta tó di ohun ìtúlẹ̀ mú kì í kàn ṣe agbẹ́rù. Bí ilẹ̀ bá le, apá òkè á ti sípíríǹgì kan, ìyẹn á mú kí pọ́ńpù gbé ohun ìtúlẹ̀ sókè díẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á sì bọ́ sórí táyà ẹ̀yìn kí ó má baà máa yọ̀. Inú epo gíà gan-an ni pọ́ńpù náà wà. Bí epo tí wọ́n tú jáde bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́, kò sì tó kí wọ́n kàn da tuntun sí i. Kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n nu inú rẹ̀ mọ́.

Ọ̀ṣọ́ kò ní òfin. Ní Kétu tí Gẹlẹ̀dẹ́ kì í ṣe àjèjì sí, ta ló máa bi ẹni tó kun bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí orí ère? Jórinjórin lè ṣe òrùlé sí i nítorí oòrùn. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ọ́tánétọ̀ rọ́pò dínámò, kí wọ́n wò ó bóyá ẹnu bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò (−) ló so mọ́ ara irin. Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn ni ìdè tó ń díwọ̀n epo lára pọ́ńpù dísù, èyí tí àwọn kan máa ń yí kí agbára lè pọ̀ sí i. Èéfín dúdú àti pístìnì tó jóná ni wọ́n máa ń rí gbà níbẹ̀. Abọ́ epo tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ ló yẹ kí wọ́n máa ṣú já: nígbà ọyẹ́, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n máa wò ó, torí eruku pupa á ti di ẹrẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ó ku kó jí. Ẹ́ńjìnnì dísù kì í jí bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú páìpù epo rẹ̀. Wọ́n á dẹ ìdè orí fílítà, wọ́n á máa fi ọwọ́ tẹ pọ́ńpù kékeré tó ń fa dísù wá láti inú táǹkì. Ìfófòó á kọ́kọ́ máa hó jáde, títí dísù á fi ṣàn gbuurugbu láìsí ìfófòó. Wọ́n á dè é, wọ́n á bọ́ sórí pọ́ńpù ńlá, ìyẹn pọ́ńpù dísù, lẹ́yìn náà orí nọ́ọ́sù. Kí ẹnì kan mú pátákó pẹlẹbẹ dání lẹ́bàá ẹnu afẹ́fẹ́: bí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tí kò gbọ́ràn, ó ní láti dí i pa.

Bó bá ti jí, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ kó máa kùn lásán látàárọ̀ dalẹ́, torí sílíńdà á dán bíi dígí, ríìngì kò sì ní bá a jókòó. Iṣẹ́ tí kò wúwo ló nílò. Kí wọ́n tún wọn àyè fáàlù, mìlímítà 0.30 nígbà tó tutù. Epo ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ kì í pẹ́ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ń tú u jáde, kí wọ́n fi ike funfun gbà á, ìyangbo irin á máa tàn nísàlẹ̀ rẹ̀ bí iyanrìn odò.