Kí ni wọ́n wá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan gba ìwé èsì lọ́wọ́ mi, ó wò ó fínnífínní, ó bá na ọwọ́ méjèèjì sókè: “Olúwa, mo dúpẹ́!” Àyẹ̀wò hepatitis B ló wá ṣe, “positive” ló sì wà níbẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ títí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé “ẹ jẹ́ positive”, ó gbà pé ire ló dé. Ká ní mi ò sáré pè é padà ni, bó ṣe máa gbé àrùn tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ relé tòun ti ọpẹ́ nìyẹn.

Ọdún 18 rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ láàbù. Dókítà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dúró de èsì wa kó tó kọ oògùn. Àmọ́ kò sóṣù kan tí mi ò rí irú bàbá yìí.

Lẹ́nu oníwàásù, positive ni ohun tó dára. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ náà kò mọ dára, kò mọ burú. “Ohun tí a wá, a rí i” ni positive. “A wá a, a ò rí i” ni negative. Ó tán. Obìnrin tó ti ń wá ọmọ láti ọdún mẹ́wàá, bí àyẹ̀wò oyún rẹ̀ bá jáde ní positive, ijó ni. Ẹni tó ṣe ti HIV tó bá ọ̀rọ̀ kan náà níwájú orúkọ rẹ̀, orúnkún rẹ̀ á yẹ̀. Nítorí náà, kó o tó yọ̀ tàbí sunkún, bi wá pé: kí lẹ wá?

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti Rhesus, ọ̀kan lára ohun tí a fi ń mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí èèyàn ní. Ohun kan wà lára ẹ̀jẹ̀ pupa tí à ń pè ní D. Bó bá wà, a ó kọ positive. Bí kò bá sí, negative. Àjogúnbá ni, kì í ṣe àrùn. Nínú 100 ọmọ Nàìjíríà, bíi 5 ni kò ní in. Obìnrin ló kàn jù nínú wọn. Bí ọkọ rẹ̀ bá jẹ́ positive, ọmọ inú rẹ̀ lè gba ti bàbá. Lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè ta sínú ti ìyá. Ara ìyá á rí D tí kò mọ̀ rí, á kà á sí ọ̀tá, á sì kó ọmọ ogun jọ dè é. Àkọ́bí sábà máa ń yọ. Oyún tó bá tẹ̀lé e ló máa bá ogun nílẹ̀: wọ́n á gba ibi ọmọ wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n á máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òmíràn á kú sínú, òmíràn á wáyé pẹ̀lú pọ́njú-pọ́ntọ̀.

Láti 1968 ni abẹ́rẹ́ anti-D, tí kì í jẹ́ kí ara ìyá kó ogun yẹn jọ, ti wà. Wọ́n máa ń fún aboyún tó jẹ́ Rhesus negative bí oyún bá pé bí ọ̀sẹ̀ 28, wọ́n á tún fún un láàárín wákàtí 72 tó bá bí ọmọ tó jẹ́ positive. Ẹni tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ tètè béèrè rẹ̀.

Obìnrin kan gbé oyún kẹrin wá bá mi. Àkọ́bí rẹ̀ wà láàyè. Ìkejì àti ìkẹta, pọ́njú-pọ́ntọ̀ pa wọ́n kí wọ́n tó pé ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n ní àbíkú ni. Wọ́n fi abẹ ṣá òkú ìkẹta lára kó má baà padà wá. Alágbo kan tún gbowó lọ́wọ́ wọn, ó lóun á fọ ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe aṣọ! Kò sí àgbo tó lè sọ Rhesus negative di positive, ẹni tó bá ní òun ní in, olè ni.

Mo béèrè káàdì oyún àkọ́kọ́. Ó tú u jáde nínú ọ̀rá. Níwájú HIV, negative. Níwájú hepatitis, negative. Níwájú Rhesus, negative. Bírò búlúù kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò sábẹ́ ara wọn. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́: “Dókítà, ẹ wò ó, mi ò lárùn kankan. Negative ni gbogbo ẹ̀.” Ọdún méje ló fi ń ka ìkìlọ̀ bí ìròyìn ayọ̀, torí ẹni tó kọ ọ́ kò ráyè là á yé e.

Abẹ́rẹ́ ti bọ́ fún un, ara rẹ̀ ti kó ogun jọ. Ilé ìwòsàn ńlá ni mo kọ lẹ́tà sí. Wọ́n gbé ọmọ náà jáde kí oṣù rẹ̀ tó pé, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó yè.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo ṣàlàyé fún un yẹn, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá na fóònù rẹ̀ sí mi. “Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ẹ bá mi pe ìyá ọkọ mi, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá.”

Mo pè wọ́n.