Ẹ Wo Etí Fíìmù Kí Ẹ Tó Tú Kámẹ́rà

Tí fíìmù tí a fi ń ya fọ́tò bá ti ọ̀dọ̀ ẹni tó fọ̀ ọ́ dé, tó mọ́ gaara tí kò sí àwòrán kankan lórí rẹ̀, súkúdíráfà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹ gbé fíìmù náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo etí rẹ̀. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti fi ìmọ́lẹ̀ tẹ orúkọ fíìmù àti nọ́ńbà sí etí yẹn, wọn kì í sì í hàn àfi tí oògùn ìfọfíìmù bá ṣiṣẹ́.

Tí nọ́ńbà bá hàn ketekete tí àárín sì mọ́ gaara, oògùn ṣiṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ni kò dé ara fíìmù. Tí etí pàápàá bá mọ́ tí kò sí nọ́ńbà, kámẹ́rà yín kò jẹ̀bi: bóyá oògùn ti kú, bóyá wọ́n ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, wọ́n lo oògùn kejì ṣáájú ti àkọ́kọ́. Tí ó bá dúdú láti etí dé etí, ìmọ́lẹ̀ ti wọ gbogbo rẹ̀ kó tó di fífọ̀. Ẹni tó ń gbé Àkúrẹ́ tó ń fi fíìmù ránṣẹ́ sí Èkó gbọ́dọ̀ mọ èyí dáadáa, kí ó má baà sanwó àtúnṣe fún kámẹ́rà tí ara rẹ̀ le.

Nọ́ńbà wà, àwòrán kò sí: lọ́pọ̀ ìgbà, fíìmù kò rìn rárá ni. Tí ẹ bá ti ki ahọ́n fíìmù sínú kẹ̀kẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, ẹ ká a títí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ yóò fi wọ inú ihò fíìmù, kí ẹ tó pa ẹ̀yìn kámẹ́rà dé. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra yí kókó òsì, tí a fi ń ká fíìmù padà, títí yóò fi le díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún ká fíìmù síwájú, kókó yẹn gbọ́dọ̀ máa yí. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tó ń kà lókè. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, ó ń kà bí fíìmù kò tilẹ̀ sí nínú rẹ̀. Tí ẹ bá yà á tán, ẹ tẹ bọ́tìnì kékeré abẹ́ kámẹ́rà kí ẹ tó ká a padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fíìmù á ya.

Tí àwọ̀ pupa tàbí òféfèé bá ń ti ihò etí fíìmù wọnú àwòrán, fóòmù ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ti jẹrà. Lẹ́yìn ogún ọdún sí ọgbọ̀n, ó máa ń yọ́, a sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ọ̀dà. Ẹ fi igi ìtayín àti sípírítì díẹ̀ họ ọ́ kúrò, kí ẹ sì dojú ẹ̀yìn kámẹ́rà tó ṣí sílẹ̀ kọ ìsàlẹ̀, kí ìdọ̀tí má baà já sórí aṣọ ṣọ́tà, ìyẹn aṣọ tó ń ṣí tó sì ń pa dé láti jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kan fíìmù. Fóòmù dúdú tó nípọn tó mìlímítà méjì ni ẹ ó fi dípò; òwú wúlù dúdú náà ń ṣiṣẹ́ nínú kòtò tóóró ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ má jẹ́ kí sípírítì kan gíláàsì tí ẹ ń wo àwòrán láti inú rẹ̀, ike ni púpọ̀ nínú wọn, á bàjẹ́.

Àmì ìmọ́lẹ̀ kékeré tó wà níbì kan náà lórí gbogbo àwòrán: ihò ti wà lára aṣọ ṣọ́tà. Àwòrán fíláàṣì tí ìdajì rẹ̀ dúdú: ìyára ṣọ́tà ti pọ̀ jù, ẹ dá a padà sí 1/60 ìṣẹ́jú àáyá.

Àwòrán tó ṣókùnkùn ni àwọn èèyàn máa ń ṣì wò jù. Àwọn kámẹ́rà ọdún 1960 sí 1970 kan ń lo bátìrì mẹ́kúrì PX625, fóòtì 1.35, èyí tí wọn kò ṣe mọ́. Tí ẹ bá fi ti fóòtì 1.5 dípò, mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ju bó ti wà lọ, àwòrán á sì ṣókùnkùn. (Pentax Spotmatic yàtọ̀, kò ní wàhálà yìí.) Bátìrì 675, irú èyí tó ń wọ ẹ̀rọ etí àwọn tí kò gbọ́ràn dáadáa, jẹ́ fóòtì 1.4, ó sì sún mọ́ ọn. Ẹ fi òrùka rọ́bà yí i ká kó má baà mì.

Ṣùgbọ́n bí mítà bá tilẹ̀ péye, ó lè ṣì yín lọ́nà. Ẹni tó dúró lórí Òkè Ìdànrè tí òfuurufú funfun wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò dúdú lórí fọ́tò; bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó wọ lẹ́ẹ̀sì funfun. Ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ fi mítà ka ojú rẹ̀, tàbí kí ẹ ṣí ojú lẹ́ńsì ní ipele kan sí méjì. Tí mítà bá kú pátápátá, tí oòrùn mú gan-an tí òjìji sì hàn ketekete, fíìmù ISO 200 (nọ́ńbà tó ń sọ bí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó) ń fẹ́ ojú lẹ́ńsì f/16 àti ìyára ṣọ́tà 1/250. Nígbà tí ìkùukùu bá bò ó, f/8 ni.

Nígbà òjò, ẹ má tọ́jú lẹ́ńsì sínú àpò awọ, nítorí lẹ́ńsì máa ń bu bíi búrẹ́dì. Fíìmù tó ti inú fíríìjì jáde gbọ́dọ̀ sinmi fún wákàtí méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó ṣí ike rẹ̀, kí omi má baà sẹ̀ sára rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, tí aṣọ ń ta iná lára, ẹ má fi ìbínú ká fíìmù padà: iná yẹn á ta nínú kámẹ́rà, á sì ya ẹ̀ka mànàmáná kéékèèké sórí fọ́tò yín. Fún fíìmù aláwòrán 36, ẹ fi odidi ìṣẹ́jú kan ká a.