WorldSpace: Rédíò Sátẹ́láìtì Tí Wọ́n Torí Áfíríkà Dá Sílẹ̀

Bí wọ́n bá dárúkọ rédíò sátẹ́láìtì lónìí, ọkọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń sọ sí èèyàn lọ́kàn, níbi tí wọ́n ti ń sanwó fún SiriusXM. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀dọ̀ tiwa níbí ni irú rédíò bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ dé, ọmọ Áfíríkà ló sì gbé e dé.

Noah Samara, amòfin tí wọ́n bí ní Ethiopia, dá WorldSpace sílẹ̀ ní Washington lọ́dún 1990. Àrùn éèdì ń jà nílẹ̀ Áfíríkà nígbà yẹn, ohun tó sì ká a lára ni pé ìkìlọ̀ kì í tètè dé etí àwọn tó yẹ kó gbọ́. FM kì í kọjá ìlú ńlá. Ṣọ́ọ̀tì wéèfù ń dé oko lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó ti BBC lálẹ́ rí mọ ìyà ibẹ̀: wàá rọra máa yí bọ́tìnnì, ohùn á wọlé, á tún rì, ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn gan-an ni ariwo á ti gbé e lọ. Samara fẹ́ kí ohùn máa ti òfúrufú bọ̀ sínú rédíò kékeré tààrà.

Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹwàá, 1998, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane gbé AfriStar, sátẹ́láìtì WorldSpace àkọ́kọ́, gbéra ní Kourou, ní French Guiana. Ó lọ dúró sókè níbi tó tó kìlómítà 36,000 sílẹ̀. AsiaStar tẹ̀ lé e lọ́dún 2000. AmeriStar tó yẹ kó ṣe ẹ̀kẹta kò kúrò nílẹ̀ títí dòní.

Rédíò ọ̀hún ló wá di ìṣòro. Hitachi, JVC, Panasonic àti Sanyo ló ń ṣe é, owó rẹ̀ sì ju ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ níbẹ̀rẹ̀. Èwo nínú àwọn tí Samara ní lọ́kàn ló fẹ́ rówó yẹn? Ọ̀rọ̀ owó nìkan kọ́ o. Ẹ ní láti kọjú áńtẹ́nà rẹ̀ sí sátẹ́láìtì. Bí ògiri bá dí i, ó parí nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó àsansílẹ̀, India ni wọ́n ti rí oníbàárà jù.

WorldSpace ní ìpín tẹ́lẹ̀ nínú XM, ilé iṣẹ́ rédíò sátẹ́láìtì kan ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ó jáwọ́ lọ́dún 1999. XM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001, Sirius tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Àwọn yẹn ri òpó tó ń tún ohùn gbé jáde mọ́ àárín ìlú kí ohùn má bàa já láàárín ilé gíga, wọ́n sì bá àwọn tó ń ṣe mọ́tò dòwò pọ̀, kí rédíò wọn ti wà nínú ọkọ̀ kó tó kúrò nílé iṣẹ́. Ìyẹn ni mo gbà pé ó yọ wọ́n.

Ní oṣù Keje 2008, XM àti Sirius di ọ̀kan, ìyẹn ló di SiriusXM. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, WorldSpace gba ilé ẹjọ́ lọ láti sọ pé òun kò lè san gbèsè mọ́, gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìparí 2009 ni wọ́n pa á ní India.