Bí pẹnisílínì ṣe ń mú ẹ́ńsáìmù tó ń kọ́ ògiri bakitéríà

Ohun tó wà nínú bakitéríà ki ju omi tó yí i ká lọ. Nítorí náà, omi kì í yé wọlé sí i, agbára tí omi náà sì fi ń ti sẹ́ẹ̀lì láti inú kò kéré. Nínú Staphylococcus aureus, kòkòrò tó máa ń fa eéwo, ó lè tó ìlọ́po 20 agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá mọ́lẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo sẹ́ẹ̀lì kò lè fara da ìyẹn rárá. Ògiri tó wà lóde awọ ni kò jẹ́ kó bẹ́, ògiri yìí kò sì lè dúró láìsí ẹ́ńsáìmù (pùròtéènì tó ń ṣe iṣẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì) kan báyìí tó ń jẹ́ transpeptidase, èyí tí oògùn pẹnisílínì máa ń mú. Ẹni tó bá lóye iṣẹ́ rẹ̀ á mọ ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ lo oògùn yín lásìkò, á sì mọ ìdí tí àwọn kòkòrò kan kò fi gbóògùn mọ́.

Peptidoglycan ni ohun tí a fi kọ́ ògiri náà, ó sì rí bí àwọ̀n. Oríṣi ṣúgà méjì ló ń tẹ̀ léra nínú okùn rẹ̀: N-acetylglucosamine, lẹ́yìn náà N-acetylmuramic acid, kó tún bẹ̀rẹ̀ látorí ti àkọ́kọ́. Lára ṣúgà kejì ni ìrù kúkúrú kan ti yọ, ámínò ásíìdì (ẹyọ kéékèèké tí a fi ń kọ́ pùròtéènì) 5 ló sì wà nínú ìrù náà. Ìkẹta nínú wọn ni lysine bó bá jẹ́ S. aureus, diaminopimelic acid ni bó bá jẹ́ E. coli, bakitéríà kan tó ń gbé inú ìfun. Ìkẹrin àti ìkarùn-ún jẹ́ D-alanine. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé D-alanine méjì yìí, orí wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé.

Inú sẹ́ẹ̀lì ni a ti ń to ẹyọ kọ̀ọ̀kan jọ, ṣúgà méjì pẹ̀lú ìrù, lórí ọ̀rá gígùn kan tó máa gbé e gba inú awọ kọjá. Bó bá dé òde, transglycosylase á so ṣúgà rẹ̀ mọ́ okùn, transpeptidase á sì so ìrù okùn kan mọ́ ti èkejì. Okùn tí a kò so ìrù wọn pọ̀ kò lè dá omi dúró.

Kòtò tóóró kan wà lára transpeptidase, serine kan, tí òun náà jẹ́ ámínò ásíìdì, sì wà nínú rẹ̀ tí lysine ìtòsí ti múra sílẹ̀ fún iṣẹ́. Bí ìrù bá wọ inú kòtò, oxygen ara serine á kọ lu ìdè tó wà láàárín D-alanine méjèèjì. Èyí tó gbẹ̀yìn á já bọ́, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyókù ìrù á lẹ̀ mọ́ serine fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìrù okùn kejì á wọlé wá, á sì gba ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ serine. Nínú S. aureus, afárá kékeré tí a fi glycine 5 ṣe ló máa ń wà láàárín ìrù méjèèjì. Ibi tó wù mí jù nínú iṣẹ́ yìí ni ọ̀nà tí agbára ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sí ATP lóde awọ, ìyẹn ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe agbára nínú ilé. Ìdè tí ẹ́ńsáìmù já láàárín D-alanine méjèèjì ló fi ń rí agbára so ìdè tuntun. Inú sẹ́ẹ̀lì ni a ti di agbára náà sínú ìrù kí ó tó jáde.

Alexander Fleming rí pẹnisílínì ní 1928, ṣùgbọ́n ó di 1965 kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Tipper àti Strominger, tó dábàá pé ìrísí rẹ̀ jọ ti D-alanine méjì tó wà lẹ́nu ìrù. Òrùka onígun mẹ́rin kan wà nínú oògùn náà, ó le dain, ó sì ń wá ohun tó máa tú u. Serine kọ lù ú bó ṣe máa ń kọ lu ìrù, òrùka sì tú. Àmọ́ kò sí ohun tó já bọ́. Odindi oògùn ló lẹ̀ mọ́ serine, ó dí ojú kòtò, ìrù kejì kò sì ráyè wọlé. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nígbà tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, E. coli lè pín sí méjì láàárín ìṣẹ́jú 20.

Síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ní àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń gé ògiri kí okùn tuntun lè wọ̀ ọ́. Àwọn yẹn kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ń gé, ẹnikẹ́ni kò sì so ó padà, títí omi á fi bẹ́ sẹ́ẹ̀lì. Kì í ṣe ẹ́ńsáìmù kan ṣoṣo ló ń so ìrù o. PBP ni a ń pe gbogbo ìdílé tí pẹnisílínì ń lẹ̀ mọ́, kálukú ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Oògùn tó bá dí PBP3 nìkan nínú E. coli á sọ ọ́ di gígùn gbọọrọ, torí kò lè pín mọ́; èyí tó dí PBP2 á sọ ọ́ di róbótó.

Bakitéríà tó ń dàgbà nìkan ni irú ikú yìí ń pa, torí èyí tó sùn kò kọ́ ògiri. Fáírọ́ọ̀sì kò ní ògiri, nítorí náà pẹnisílínì kò wúlò fún ọ̀fìnkìn. Mycoplasma náà kò ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ bakitéríà. Ohun tó sì ń pinnu ìwòsàn ni iye wákàtí tí oògùn fi wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní ìwọ̀n tó tó pa kòkòrò. Bí kíndìnrín bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ìdajì amoxicillin, tó jẹ́ oríṣi pẹnisílínì kan, máa ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Ìdí nìyẹn tí a fi sábà ń ní kí ẹ lò ó ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ẹni tó gbàgbé ti òwúrọ̀, tó wá lo méjì pọ̀ lálẹ́, kò rí wákàtí tó sọnù gbà padà.

Bakitéríà náà kò káwọ́ gbera. Àwọn kan ń ṣe beta-lactamase, ẹ́ńsáìmù tó jẹ́ ẹbí PBP, tó mọ bí a ṣe ń fi omi tú oògùn kúrò lára serine rẹ̀, tí á sì mú òmíràn. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe fi clavulanic acid kún amoxicillin, kí ó lè dí ẹ́ńsáìmù yẹn. MRSA, ìyẹn S. aureus tí pẹnisílínì àti ọ̀pọ̀ ìbátan rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ fún mọ́, gba ọ̀nà mìíràn: jíìnì mecA fún un ní PBP2a, tí kòtò rẹ̀ pa dé, tí pẹnisílínì kò sì tètè ráyè dé ọ̀dọ̀ serine. Bí oògùn bá dí PBP mẹ́rin tó jẹ́ ti S. aureus fúnra rẹ̀, PBP2a á máa so ìrù nìṣó. Kíkún clavulanic acid kò ràn án, torí kì í ṣe beta-lactamase ló fà á. Ceftaroline, oògùn mìíràn tó jẹ́ ìbátan pẹnisílínì, máa ń lẹ̀ mọ́ ibòmíràn lára PBP2a, níbi tó jìnnà sí kòtò, kòtò á sì ṣí fún ceftaroline kejì.

Ní yàrá àyẹ̀wò, bébà róbótó tí a fi oògùn cefoxitin 30 µg sí, tí a gbé sórí ibi tí kòkòrò ti ń hù, la fi ń wá mecA nínú S. aureus. Bí fífẹ̀ àyíká bébà náà tí kòkòrò kò ti hù kò bá tó mílímítà 22, MRSA la máa kọ sílẹ̀, a ó sì kọ ọ́ pé amoxicillin, cloxacillin àti ceftriaxone kò lè ṣiṣẹ́, bí a kò tilẹ̀ dán ìkankan nínú wọn wò.