Kí A Tó Ra Adìyẹ Kérésì, Ẹ Jẹ́ Kí A Ka Ọjọ́ Tó Wà Níwájú

Ó ti tó ọdún 16 tí mo ti ń ṣe akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nílùú Ìbàdàn, bí Oṣù Kọkànlá bá sì ti ń parí lọ ni àwọn tó fẹ́ yáwó máa ń pọ̀ níwájú tábìlì mi. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe onínàákúnàá. Ohun tó ń kó wọn sí gbèsè ni pé ọjọ́ ọdún nìkan ni wọ́n máa ń ṣírò, wọn kì í ṣírò àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e.

Bí wọ́n bá san owó oṣù fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 20 Oṣù Kejìlá kí ó lè rówó ṣọdún, tí owó mìíràn kò sì ní wọlé títí di ọjọ́ 28 Oṣù Kìn-ín-ní, ọjọ́ 39 ni owó kan ṣoṣo yẹn yóò fi gbọ́ bùkátà ilé. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí náà ni àwọn ọmọ yóò wọlé fún sáà kejì, tí owó ilé ìwé yóò sì dé. Nítorí náà, kí ẹ tó dárúkọ adìyẹ rárá, ẹ kọ́kọ́ yọ owó ilé ìwé, owó ọkọ̀ ibi iṣẹ́ àti owó oúnjẹ Oṣù Kìn-ín-ní sọ́tọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni owó ọdún, bó ti wù kó kéré mọ.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ òkìríkà wá bá mi nígbà kan pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tó ṣe sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ ọmọ rẹ̀: àpò ìrẹsì kan, adìyẹ méjì, aṣọ ọmọ mẹ́ta, bàtà, owó irun, ohun mímu páálí méjì, ẹ̀bùn ìyá ọkọ. Mo bi í pé ta ni yóò jẹ odindi àpò ìrẹsì nínú ilé ènìyàn márùn-ún. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní nítorí àlejò ni. A wá ń ka àwọn àlejò náà lórúkọ lórúkọ, wọn kò sì pé mẹ́fà. Ohun tó dùn mí jù ni pé owó ilé ìwé kò sí níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwé ọmọ ilé ìwé ló kọ ọ́ sí.

Òun àti àwọn mẹ́ta tí ìsọ̀ wọn wà nítòsí tirẹ̀ ló pawọ́ pọ̀ ra àpò ìrẹsì oníkílò 50, tí kálukú sì gbé kílò 12 àti ààbọ̀ lọ sílé. Ẹni tó ń ra ìrẹsì ní kóńgò-kóńgò máa ń san ju iye àpò lọ, àmọ́ kò pọn dandan kí ẹnì kan dá àpò rà. Ní ti ẹran, adìyẹ tó ti yé ẹyin títí tó fi gbó sábà máa ń dínwó ju àgríìkì tí wọ́n sìn fún ẹran lọ. Òótọ́ ni pé ó yi, ó sì gbọ́dọ̀ pẹ́ lórí iná, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ máa ń mú kí ìrẹsì dùn gan-an.

Aṣọ ọdún ló máa ń le jù, nítorí pé ojú àwọn ọmọ máa ń wà lára ẹgbẹ́ wọn. Èrò tèmi ni pé kí ẹ pè wọ́n jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ sọ iye tó wà fún wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yàn láàárín aṣọ àti bàtà. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ní kí wọ́n fi bàtà òun sílẹ̀, kí àbúrò òun lè rí aṣọ. Ohun tí ọmọ kì í fẹ́ ni kí wọ́n ṣèlérí fún un títí di àárọ̀ ọjọ́ ọdún, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì mọ́ láìsí nǹkan kan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe yá owó orí fóònù nítorí ọdún. Èlé rẹ̀ pọ̀, ọjọ́ tí wọ́n ń dá fúnni kéré, bí ọjọ́ bá sì yẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn a máa fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù ẹni.

Ohun kan wà tí n kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti yọ kúrò: abọ́ oúnjẹ tí ẹ̀ ń gbé fún àwọn aládùúgbò yín. Àwọn Mùsùlùmí tí ẹ jọ ń gbé ń fún yín lẹ́ran ní Iléyá. Ẹ gé ẹran kéékèèké bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí abọ́ náà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní ti ọdún tó ń bọ̀, ẹni tó bá ń dá ₦500 lójúmọ́ fún alájọ fún 90 ọjọ́, tí alájọ sì yọ owó ọjọ́ kan lóṣù kọ̀ọ̀kan, yóò kó ₦43,500. Ìyá yẹn gba káàdì tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì Oṣù Kìn-ín-ní, lẹ́yìn tó ti san owó ilé ìwé tán. ₦200 lójúmọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀.